Kónílé-ó-gbélé àti Ìkòkò Sayyidina Umar

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Tirẹ̀ ni gbogbo ọpẹ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan wà nídìí iná báyìí, wọ́n ń se oúnjẹ ìṣínu, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ o, ẹ ṣáà yá mi létí. Ọ̀rọ̀ tòní kan ìkòkò tó wà lórí iná yẹn gan-an.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyí: ẹni tí a bá ní kó jókòó sílé nítorí àjàkálẹ̀-àrùn, ta ni yóò bọ́ ọ? Ìtàn ni n ó fi dáhùn. N ó mú yín dé Mẹ̀dínà àti ilẹ̀ Ṣáámù láyé àwọn sàábé, a ó ya Káírò, a ó dé Èkó àtijọ́, lẹ́yìn náà a ó padà sí àdúgbò tiwa. Ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí àṣìṣe tèmi náà wà nínú ìtàn yìí, n kò sì ní fi í pamọ́.

Ohun tí ojú wa rí ní ọdún 2020

Gbogbo wa la rántí. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà, àlejò kan tó ti ilẹ̀ Ítálì wọ Èkó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kárí ayé. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó àti Àbújá pa, ìpínlẹ̀ Ògùn sì tẹ̀lé e. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹnu kọ́ ọ̀rọ̀ náà: kónílé-ó-gbélé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìyẹn ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ààwẹ̀ ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí wà ní títì. Kò sí jímọ̀, kò sí àṣàámù tí a kí papọ̀, kò sí tàfúsírù níta gbangba. Hájì ọdún náà pàápàá, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ Saudi ni wọ́n jẹ́ kó ṣe é.

Àríyànjiyàn pọ̀ nígbà náà. Àwọn kan ní títi mọ́ṣáláṣí kì í ṣe ìwà onígbàgbọ́, wọ́n ní ẹni tí Ọlọ́hun kò bá pa, àrùn kò lè pa á. Èmi wà lára àwọn tó gbé lásíípíkà tó sì ń ṣàlàyé fún wọn. Mo sọ fún wọn pé Ànábì wa ti kọ́ wa láti ìgbà láéláé pé bí a bá gbọ́ pé àjàkálẹ̀-àrùn wọ ìlú kan, ká má ṣe wọ ibẹ̀, bó bá sì bá wa nílùú wa, ká má ṣe sá jáde. Mo ṣe wáàsí náà dáadáa. Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n jókòó sílé. Inú mi dùn pé mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí Ọlọ́hun rán mi.

Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìyá ọlọ́mọ kan ní àdúgbò wa dúró lójú fèrèsé mi, ó fi gèlè bo imú. Ọkọ rẹ̀ ń wa dánfó, ohun tó bá pa lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ lóòjọ́. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ààfáà, ẹ ní ká jókòó. A ti jókòó. Kí la ó jẹ?”

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, n kò rí èsì fún un. Mo wọlé, mo bu ìwọ̀nba ìrẹsì tó wà nílé wa fún un, ó dúpẹ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò bá a lọ. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo jókòó ti àwọn ìwé mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo tún ìtàn tí mo ti fi ṣe wáàsí kà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ààbọ̀ ìtàn ni mo sọ fún wọn.

Ààbọ̀ àkọ́kọ́: ilẹ̀kùn tí a tì

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ààbọ̀ àkọ́kọ́ ná. Láàárín ọdún 17 sí 18 Hìjírà, tí í ṣe nǹkan bí 638 sí 639, Khalífà kejì, Sayyidina Umar ọmọ Khattab, gbéra láti Mẹ̀dínà, ó ń lọ sí Ṣáámù. Nígbà tó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, Abu Ubayda ọmọ Jarrah àti àwọn ọ̀gágun yòókù wá pàdé rẹ̀, wọ́n ní àjàkálẹ̀-àrùn ti wọ Ṣáámù. Umar pe àwọn Mùhájírúnà, ó bi wọ́n léèrè. Ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba. Ó pe àwọn Ànsáárì. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà kò dọ́gba. Ó wá pe àwọn àgbà Kùràíṣì, àwọn yẹn sì fẹnu kò pé kó kó àwọn èèyàn padà. Umar gbà bẹ́ẹ̀.

Abu Ubayda bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun ni. Ó fi àpẹẹrẹ ràkúnmí ṣàlàyé fún un: bí ẹnì kan bá kó ràkúnmí rẹ̀ dé àfonífojì, tí apá kan ní koríko tútù, tí apá kejì gbẹ, èyí tó bá kó wọn lọ nínú méjèèjì, kádàrá Ọlọ́hun náà ni. Nígbà yẹn ni Abdur-Rahman ọmọ Awf dé, tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́rìí pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Ànábì. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó ṣẹ́rí padà. Ìtàn yìí wà nínú Sahih al-Bukhari, àwọn ọmọ kéwú kékeré pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ìlú kan tó ń jẹ́ Amwas, tí kò jìnnà sí Jẹ́rúsálẹ́mù, ni wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ. Àwọn onítàn sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 25 Mùsùlùmí ló bá a lọ. Abu Ubayda kú níbẹ̀. Muadh ọmọ Jabal gbapò rẹ̀, òun náà kú. Nígbà tí àṣẹ dé ọwọ́ Amr ọmọ As, ó ní kí àwọn èèyàn fọ́n ká lọ sórí àwọn òkè, kí wọ́n má ṣe kóra jọ sójú kan. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àrùn náà sì rọlẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé kíkó èèyàn jọ ni àdúrà fi ń gbà, kó gbọ́ ti Káírò. Ní ọdún 833 Hìjírà, tí í ṣe 1430, àjàkálẹ̀-àrùn wà ní Káírò, àwọn tó ń kú lóòjọ́ kò tíì tó 40. Àwọn ará ìlú gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì jáde lọ́pọ̀ yanturu sí aṣálẹ̀ láti ṣe àdúrà. Oṣù náà kò tíì parí tí iye tó ń kú lóòjọ́ fi lé ní 1,000. Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Àgbà onímọ̀ hàdíìsì ni, Ibn Hajar al-Asqalani. Ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta ni àjàkálẹ̀-àrùn pa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn dé egungun ló sọ ọ́.

Nítorí náà, títi ilẹ̀kùn kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ibi tí mo dúró sí nínú wáàsí mi nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣìnà.

Ààbọ̀ kejì: ìkòkò tí a gbé kaná

Ọdún 18 Hìjírà yẹn kan náà, òjò kọ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Ọ̀dá náà le débi pé erùpẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn ń gbé e kiri bí eérú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi pe ọdún náà ní Ọdún Eérú. Ẹran ọ̀sìn kú. Àwọn ará inú aṣálẹ̀ rọ́ wá sí Mẹ̀dínà, wọ́n pàgọ́ yí ìlú ká. Ẹ wò ó: àrùn ní Ṣáámù, ìyàn ní Mẹ̀dínà, Khalífà kan ṣoṣo. Ọwọ́ tó fi ti ọ̀nà Ṣáámù ni kò gbọdọ̀ ká sórí ìyàn.

Kí ni Umar ṣe? Ó kọ lẹ́tà sí àwọn aṣojú rẹ̀ nílẹ̀ mìíràn pé kí wọ́n ran àwọn ará Mẹ̀dínà lọ́wọ́. Al-Tabari sọ nínú ìtàn rẹ̀ pé Abu Ubayda ló kọ́kọ́ dé, ó kó ràkúnmí 4,000 tó ru oúnjẹ wá láti Ṣáámù. Umar ní kó pín in fún àwọn tó wà ní àyíká Mẹ̀dínà. Nígbà tó parí, Umar fẹ́ fún un ní dírámù 4,000. Ó kọ̀ ọ́, ó ní Ọlọ́hun lòun ṣe é fún. Ẹ̀yìn tí Umar rọ̀ ọ́ ni ó tó gbà á.

Ibn Sa'd ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pín oúnjẹ náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ èyí. Àsìkò sààrì ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dìde lọ sídìí ìkòkò ńlá ńlá. Umar yan àwọn èèyàn sí ìhà kọ̀ọ̀kan ìlú. Bó bá di alẹ́, wọ́n á wá jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á sọ gbogbo ohun tí wọ́n bá pàdé níbi tí a rán wọn lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ní kí wọ́n ka àwọn tó wá jẹun: wọ́n jẹ́ 7,000. Ó wá ní kí wọ́n lọ ka àwọn tí kò lè wá: àwọn aláìsàn, àwọn ọmọdé, àwọn ará ilé tó jókòó sínú àgọ́. Àwọn yẹn jẹ́ 40,000.

Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ rò ó wò. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó wá síwájú rẹ̀ nìkan ni Umar bọ́, yóò rò pé òun ti ṣe iṣẹ́ òun. Èèyàn 40,000 ìbá sì wà nínú àgọ́ pẹ̀lú ebi. Kíka àwọn tí kò lè wá, ohun tí èmi kò ṣe nìyẹn.

Umar fúnra rẹ̀ kò jẹ ẹran, kò jẹ ọ̀rá wàrà ní gbogbo ìgbà náà títí ara fi tu àwọn èèyàn. Òróró ló ń fi jẹun títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà. Ó dá gbígba sàká dúró lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní ọdún náà, kò sì gé ọwọ́ ẹni tí ebi sọ di olè. Wọ́n tún gbà á wá lẹ́nu rẹ̀ pé bí òjò kò bá tètè rọ̀, òun yóò mú ilé kọ̀ọ̀kan gba iye èèyàn tó tó iye ara ilé náà, kí wọ́n jọ máa jẹun, nítorí pé èèyàn kì í kú tó bá jẹ ààbọ̀ ikùn. Nígbà tí Ọlọ́hun rọ òjò, ó fún àwọn ará aṣálẹ̀ ní oúnjẹ ojú ọ̀nà àti ohun tí wọ́n máa gùn padà sílé.

Ẹ má gbàgbé Abu Ubayda o. Nígbà tí àrùn náà le, Umar kọ lẹ́tà sí i pé ohun kan ṣẹlẹ̀ tí òun fi nílò rẹ̀, kó máa bọ̀ kíákíá. Ó yé Abu Ubayda pé Umar fẹ́ yọ òun nínú ikú ni. Ó fèsì pé òun wà láàárín àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí, òun kò sì fẹ́ yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Umar ka lẹ́tà náà, ó sunkún. Wọ́n bi í pé ṣé Abu Ubayda ti kú ni, ó ní rárá, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ó ti kú ni. Ọkùnrin tó kó oúnjẹ wá fún àwọn tí ebi ń pa, òun náà ló kọ̀ láti fi àwọn tí àrùn ká mọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí àrùn rọlẹ̀, Umar lọ sí Ṣáámù fúnra rẹ̀, ó pín ogún àwọn tó kú fún àwọn tó tọ́ sí. Ọ̀rọ̀ àwọn opó àti ọmọ-òrukàn kò parí síbi ìsìnkú lọ́dọ̀ tiwọn.

Èkó ní ọdún 1918

Baba àwọn baba wa náà rí irú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, àrùn ìnfúlúẹ́ńsà wọ Èkó láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ó bá ọ̀nà rélùwéè wọ àárín ilẹ̀. Àwọn onítàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tí gbogbo ará ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 18 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wo ojúlé kiri láti wá aláìsàn. Àwọn ará ìlú ń fi aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ sá kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé àrùn náà dé ibi tí wọ́n sá lọ. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Àwọn aṣojú Umar ń yí ìlú ká láti mọ ẹni tí ebi ń pa, àwọn èèyàn ń tú ọ̀rọ̀ wọn fún wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kìkì àṣẹ ló ń kan ilẹ̀kùn èèyàn, tí àánú kò bá a wá, wọn yóò gba ẹ̀yìnkùlé sá.

Àdúgbò tiwa

Nígbà tí mo ti rí èyí, mo tẹ àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wa láago lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ká gba sàká sílẹ̀ kí ọdún rẹ̀ tó pé, nítorí pé Ànábì gbà fún Abbas, àbúrò baba rẹ̀, láti san tirẹ̀ ṣáájú. Àwọn tó ní gbà. Àwọn ìyá asàlátù ní àwọn yóò máa di oúnjẹ sínú ọ̀rá: ìrẹsì, gaàrí, ẹ̀wà, epo díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì méjì ń gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á sún sẹ́yìn. Onílé kan tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ní òpópónà kejì gbọ́, ó fi odidi àpò gaàrí kan ránṣẹ́, ó sì sọ fún àwọn ayálégbé rẹ̀ pé òun kò gba owó ilé oṣù méjì. Ó ṣe bí Umar ṣe ṣe nígbà tó dá gbígba sàká dúró, bóyá kò tilẹ̀ gbọ́ ìtàn náà rí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

A rò pé a ti ṣe é tán.

Àbúrò mi ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń pín oúnjẹ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oṣù Ramadan kò tíì dé. Ó ní òun bá ọmọdé kan lójú ọ̀nà, bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ètè rẹ̀ gbẹ. Òun bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ọmọ náà ní rárá o, ìyá àwọn ní ààwẹ̀ Ṣàábánì ni àwọn ń gbà. Ó ti di ọjọ́ kẹfà tí àwọn ti ń gbà á.

Ṣé ẹ gbọ́ o? Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà, nínú Ṣàábánì. Obìnrin yẹn kò ní nǹkan kan nílé ju gaàrí tí wọ́n ń mu lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ lọ, ó wá fún ebi náà ní orúkọ ìjọ́sìn, kí ojú má bàa ti àwọn ọmọ rẹ̀. Opó ni. Àkàrà ló ń dín láàárọ̀ kí wọ́n tó ti ọjà. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí wa.

Kí ló dé tí oúnjẹ wa kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Nítorí inú sàfú ìrun wa ni a ti kọ orúkọ. A kọ orúkọ àwọn ọkùnrin tí a mọ ojú wọn nínú jímọ̀, a kọ ti àwọn ìyá tó wà nínú ẹgbẹ́ asàlátù. Opó yìí kì í lè wá sí asàlátù, ìdí àkàrà ló ń wà ní àkókò náà. Kò sí ọkọ tó máa dúró fún un nínú sàfú. Èmi ni mo ka ìwé orúkọ náà kẹ́yìn, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo kírun pẹ̀lú ọkàn balẹ̀ ní alẹ́ mẹ́fà tí àwọn ọmọ yẹn fi sùn lébi.

Ẹ ti gbọ́ ìtàn Umar àti obìnrin tó gbé omi kaná lóru. Umar àti Aslam, ìránṣẹ́ rẹ̀, rí iná lókèèrè lẹ́yìn Mẹ̀dínà. Wọ́n bá obìnrin kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún yí ìkòkò ká. Omi lásán ló wà nínú ìkòkò, ó fi ń tàn wọ́n kí wọ́n lè sùn. Obìnrin náà kò mọ Umar, ó sì ń fẹjọ́ Umar sun Ọlọ́hun. Umar ní, báwo ni Umar yóò ṣe mọ̀ nípa rẹ? Obìnrin náà dáhùn pé ṣebí ó gba àkóso àwọn ni, kó wá gbàgbé àwọn? Umar sáré padà, ó gbé ìyẹ̀fun àti ọ̀rá lé ẹ̀yìn ara rẹ̀. Aslam ní kó jẹ́ kí òun bá a rù ú, Umar bi í pé ṣé yóò bá òun ru ẹrù òun ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ bí?

Mo ti fi ìtàn yìí ṣe wáàsí kọjá kíkà. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ẹni tí ẹjọ́ náà kàn. Bí “n kò mọ̀” kò bá gba Umar sílẹ̀, yóò ha gba Ààfáà àdúgbò sílẹ̀?

Mo gbé oúnjẹ náà lọ fúnra mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ààfáà, ẹ má dààmú, Ọlọ́hun mọ̀.” Ọlọ́hun mọ̀ lóòótọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Ní ọjọ́ kejì a fa ìwé orúkọ àkọ́kọ́ ya. A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀, ojúlé ni a kà, a kò ka sàfú mọ́. Ojúlé Mùsùlùmí, ojúlé Kìrìsìtẹ́nì, yàrá àwọn àlejò tí ń ṣọ́ géètì, gbogbo rẹ̀. A rí ojúlé mọ́kànlá tí ìwé àkọ́kọ́ fò.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 yẹn kan náà, gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mazamaza àti káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn èèyàn já ilẹ̀kùn ibi tí oúnjẹ ìrànwọ́ wà, wọ́n ń ru ún lọ lórí. Àwọn aláṣẹ ní pípín rẹ̀ kò tíì parí. Èmi kò sọ pé olè dára, Ọlọ́hun má jẹ́ ká jalè. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó wà nínú ilé ìpamọ́ kò tíì di ìrànwọ́, àfi bó bá dé inú ìkòkò. Ká má sì fi ìka nàka sí ìjọba nìkan: owó sàká tó wà nínú àpótí mọ́ṣáláṣí látọdún dé ọdún, kí la ń tọ́jú rẹ̀ dè?

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé pàjáwìrì kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ti lé ní mílíọ̀nù méje èèyàn tí ikú wọn wà nínú àkọsílẹ̀ lágbàáyé. Ọlọ́hun kó foríji àwọn tó jẹ́ tiwa nínú wọn. Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn lè dé. Onígbáméjì kò jìnnà sí wa, ibà Lassa wà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bí ebi bá lé aládùúgbò rẹ jáde lọ́jọ́ kónílé-ó-gbélé, àrùn tó bá gbé wálé yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo mọ́ṣáláṣí tó ń gbọ́ mi, nǹkan mẹ́ta péré ni. Èkíní, ẹ ní ìwé orúkọ tí ẹ kọ láti ojúlé dé ojúlé, kí ẹ máa tún un yẹ̀ wò ní gbogbo oṣù Ṣàábánì, kó tó di pé wàhálà dé. Èkejì, ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ nínú sàká fún ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò pín in, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, nítorí pé obìnrin ló máa mọ ilé tí iná kò tíì jó láti àná. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e lọ sílé fún wọn, ní alẹ́, láìsí fọ́tò, láìsí ariwo. Ẹni tó ń fi ebi pe ààwẹ̀ kò ní wá tò sórí ìlà.

Ẹ lọ ka Súúrà al-Mā'ūn lálẹ́ òní pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn kan ń kírun tí Ọlọ́hun sì ń bá wọn wí, nítorí pé wọ́n ń ṣe àṣehàn, wọ́n sì ń dí ìrànwọ́ kékeré mọ́ ọmọnìkejì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí a má bàa wà nínú wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, àkókò ìṣínu ti ń sún mọ́lé. Kó tó di pé ẹ bu oúnjẹ, ẹ bojú wo ògiri apá ọ̀tún yín, ẹ bojú wo ti òsì. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìkòkò wọn? Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ rán ọmọ lọ kí wọn, kó má sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọlọ́hun, má ṣe jẹ́ ká jẹ́ ẹni tí opó àti ọmọ-òrukàn yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn Ọ́. Foríji wa fún àwọn tí a gbàgbé. Dáàbò bo ilé wa, ìlú wa àti orílẹ̀-èdè wa lọ́wọ́ àjàkálẹ̀-àrùn àti ìyàn. Gba ààwẹ̀ wa, kí O sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ tún ṣojú ẹ̀mí wa. Àmín.